Ojú Oníbúrẹ́dì àti Ojú Ọ̀bọ

Ilé,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tó ń bá ọ fínra, mo kí iṣẹ́. Ìyá rẹ ń bẹ, ilé ń bẹ, orókùn mi òsì nìkan ni kò fẹ́ bá wa gbé mọ́. Síbẹ̀ mo ṣì ń gun àkàbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kun ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀gá wọn sì ń fọwọ́ pa ògiri náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Ìkíni ti parí, ó ku ìjà.

Nígbà tí o kọ̀wé pé ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì fẹ́ fẹ́ ọ, pé ọmọ ilẹ̀ wa ni, pé ó sì fẹ́ fi ẹ̀bùn kí mi kó tó wá tọrọ ọ lọ́wọ́ mi, kí ni mo ní kó rà? Ẹ̀wù òtútù kan péré, aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún lè wọ̀ jáde kí àwọn ọmọdé má tẹ̀ lé e. Ẹ̀wù dé. Ó nípọn, ó rọ̀, ó bá mi mu. Ìyá rẹ kò sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo gbé ẹ̀wù wọ̀, mo gba ìpàdé ẹgbẹ́ àwa akunlé lọ, mo yan bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun.

N kò tíì jókòó tí akápò fi bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di pé mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ilé ti ń di ìdí àga mú. Wọ́n ní ẹ̀wù mi tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Látọjọ́ náà, èmi tí mo ti ṣe alága wọn rí, Bàbá Elẹ́fọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè mí. Akápò tilẹ̀ bi mí pé èló ni mo ń ta ìdì kan.

Ọkùnrin tí a ní kó ra àwọ̀ ilẹ̀, tó lọ ra àwọ̀ ewé, àgbà ló fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ fún un pé n kò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún un. Má sì pè mí sórí tẹlifóònù oníkẹ́míìsì, torí ẹni tó wá ra oògùn ikọ́ yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí n tó débẹ̀. Kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Ọ̀gá Akunlé


Òkè òkun,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, bí ilẹ̀ ibí ṣe tutù tó yìí. Ẹ kú orókùn, ẹ kú ìpàdé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ìdì ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ kò ní ọmọ tí ẹ fẹ́ fún un, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi, mo sì sọkún.

Bàbá, Oníbúrẹ́dì kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo ka ìwé yín fún un, ó búra pé àwọ̀ ilẹ̀ lòun rà. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ó ń purọ́. Mo wá gbé ìbòrí mi tó jẹ́ àwọ̀ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, mo bi í pé èwo ni ewé. Ó wò ó títí, ó wá wo ojú mi bóyá á rí ìdáhùn níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ojú rẹ̀ ríran jìnnà, ó ń ka ìwé tín-ín-tìn-ìn, àmọ́ kò lè ya ewé sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀.

Ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ yìí pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní yunifásítì yàtọ̀ sí kí n máa fún ọ̀bọ lóúnjẹ. Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ àwọ̀. Láyé ìgbà ìwáṣẹ̀, oríṣi ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ni ẹja àti alángbá ní, ọ̀pọ̀ ẹyẹ sì ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba ńlá ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú dé, wọn kò ju eku lọ, àwọn alángbá ràgàjì ló sì ni ojúmọ́. Àwọn ẹran kékeré wọ̀nyí sá wọ ihò. Òru ni wọ́n ń jáde wá oúnjẹ. Kí ni èèyàn fẹ́ fi àwọ̀ ṣe nínú òkùnkùn? Díẹ̀díẹ̀, méjì nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ku méjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, ẹ̀ṣọ́ méjì péré ni ewúrẹ́, ajá àti màlúù ní. Koríko tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lójú wọn.

Àwa èèyàn padà rí ẹ̀ṣọ́ kẹta gbà lẹ́yìn náà. Ti Oníbúrẹ́dì ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí rò. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ kò rí àwọ̀ ẹ̀wù náà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ ni?

Ọmọ yín


Ilé,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Onímọ̀ ojú ọ̀bọ,

Mo kí ọ. Mo bí ọmọ, mo rán an nílé ìwé, ó wá kọ̀wé láti òkè òkun pé eku tó ń sá fún alángbá ni baba ńlá mi. Mo ka ìwé rẹ sókè lábẹ́ igi. Alángbá kan wà lára ògiri níbẹ̀, bí mo ṣe dé ibi tó kàn án, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. N kò tíì rí ẹran tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

O bi mí ní ìbéèrè kan. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo wọ ẹ̀wù, iná kò sì sí. Ìyẹn ti tó.

Ní ti ewúrẹ́, èmi kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìdán an wò. Ìyá rẹ po ọ̀dà méjì fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ ilẹ̀. Mo kun pákó méjì, mo ní kí káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá. Mo ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn pákó aláwọ̀ ewé nìkan, kí n rí i bóyá ewúrẹ́ yóò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kìíní ó lọ síbi aláwọ̀ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ okùn tí mo fi so pákó. Lọ́jọ́ kẹta ó jẹ etí ìwé rẹ nínú àpò mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi rántí gbogbo ohun tí o kọ. Mo gbà pé ewúrẹ́ kò mọ àwọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé ewúrẹ́ wá ni kí n fún lọ́mọ? Ọkùnrin tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, báwo ló ṣe ń ṣe bó bá dé ìdí iná ojú títì? Kí ọkọ̀ má lọ gbá a kó tó sin èmi! Búrẹ́dì tó ń ṣe ńkọ́? Ta ló ń sọ fún un pé ó ti jinná? Tí àwọn ará ibẹ̀ bá ń jẹ èédú, wọn ò kàn fẹ́ sọ ni.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ ìdí tí o kò fi béèrè eyín tó ń dùn ún. Mo ti bi ọ́.

Bàbá rẹ


Òkè òkun,
Ọjọ́ karùn-úndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àdánwò ewúrẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó ní ká ní ewúrẹ́ kò jẹ okùn ni, òun ì bá gbà yín síṣẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ ní mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ eyín náà.

Oníbúrẹ́dì dáhùn ìbéèrè yín fúnra rẹ̀. Ó ní iná òkè ni pupa, iná ìsàlẹ̀ ni kí èèyàn máa lọ, òun kò sì rí ìlú tí wọ́n ti dojú iná délẹ̀ rí. Ní ti búrẹ́dì, ó ń fi ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bó bá dún bí ilé òfìfo, ó ti jinná. Òórùn ló ń sọ ìyókù fún un. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò jó búrẹ́dì rí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fojú wò ó ń jó o lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ẹ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí àwọn alángbá ràgàjì run, àwọn ẹranko wa jáde sójúmọ́, àwọn kan sì gun orí igi. Nínú ìdílé àwọn ọ̀bọ kan, ó ti lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún báyìí, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Àṣẹ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ara yóò ṣe mọ ọ̀kan nínú ẹ̀ṣọ́ méjì yẹn. Nígbà tí ara ń ṣe ẹ̀dà àṣẹ yìí fún ọmọ, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ẹ̀dà kan yí padà díẹ̀, ó di ẹ̀ṣọ́ kẹta. Bí pupa ṣe yà kúrò lára ewé nìyẹn. Àwọn kan ní èso pọ́n ni àwọn ọ̀bọ ń fi wá, àwọn kan ní ewé ọ̀dọ́ tó máa ń pupa ni, àwọn mìíràn ní ojú ara wọn ni wọ́n ń wò bóyá inú ń bí ẹnìkejì. Wọ́n ṣì ń jà á níyàn níbí.

Àwọn ọ̀bọ tiwa nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀yà mìíràn ni. Gbogbo akọ wọn ló ní ẹ̀ṣọ́ méjì, ọ̀pọ̀ abo sì ní mẹ́ta. Bí abo bá fọwọ́ kan àwòrán tó tọ́, a ń fún un ní omi èso. Akọ máa ń ṣì í, á wá sọ ife lù mí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kòkòrò aláwọ̀ ewé pa mọ́ sáàárín ewé, akọ yìí ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Àwọ̀ kò lè tàn án jẹ, ara nǹkan ló ń wò. Ó ń rán mi létí yín, Bàbá, bí ẹ ṣe máa ń rí ibi tí ọ̀dà àtijọ́ ti ń yọjú lábẹ́ tuntun, nígbà tí gbogbo ayé ní ògiri ti dára.

Ohun kan kù. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọkùnrin ti ń jogún àṣẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó ń ya pupa kúrò lára ewé. Obìnrin ń gbà á lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á gbà á sílẹ̀. Nítorí náà ìyá Oníbúrẹ́dì ló fi fún un láìmọ̀, ojú tirẹ̀ mọ́ kedere.

Mo fi káàdì kan sínú ìwé yìí. Àwọn tótòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà kan sì wà láàárín wọn. Oníbúrẹ́dì kò rí nọ́ńbà náà. N kò ní sọ èyí tó jẹ́. Ẹ wò ó, ẹ ó rí i kedere, ẹ ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ọmọ yín


Ilé,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ!

Kò sí nǹkan kan nínú káàdì tí o rán wá. Tótòtó lásán ni, bí ara ọmọ tí èéyi mú. Mo wọ awò ojú, mo bọ́ ọ. Mo dorí káàdì kodò. Mo gbé e jáde sínú oòrùn. Òfìfo. Mo pe ìyá rẹ. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé orí sókè tán tó fi ní, "Mẹ́fà." Mo ní, "Mẹ́fà wo?" Ó ní, "Mẹ́fà tó wà níbẹ̀." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí o tètè lọ́kọ, mo fojú fò ó.

Mo pe káfíńtà. Ó ní mẹ́fà. Àkàbà mi ló fẹ́ yá, kò sóhun tó máa sọ tí kò ní í bá ti ìyàwó mi mu. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ọkùnrin tó kàwé. Òun náà ní mẹ́fà! Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìyá rẹ ti lọ kọ́ gbogbo àdúgbò lọ́rọ̀ ṣáájú mi.

Ọmọ mi, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Ogójì ọdún ni mo ti wà nídìí ọ̀dà. Mo ti sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ káàdì yìí sínú ètò ìpàdé wa ti Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀. Èmi yóò gbé e sókè níwájú gbogbo wọn, màá ní kí kálukú sọ ohun tó rí. Mo ti búra níwájú akápò: bí nọ́ńbà bá wà nínú káàdì yẹn tí èmi kò rí i, kí wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, kí wọ́n má pè mí ní akunlé mọ́.

Ní ti Oníbúrẹ́dì, o ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ìdílé tí ìyá ti ń fi ojú burúkú ta ọmọ lọ́rẹ, n kò fẹ́ bá wọn dá àna.

Bàbá rẹ


Òkè òkun,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Ẹ dákun, ẹ má ka ìwé yìí sókè. Mo gbé e fún nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ nílé kó lè yá ju ti ìfìwéránṣẹ́ lọ.

Káàdì yẹn kì í ṣe òfìfo. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ ti rí mẹ́fà. Nígbà tí mo ka ìwé Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí dé ìdajì, ẹ̀rù wá bà mí lójijì. Ó wọ ẹ̀wù yẹn jáde lọ́jọ́ tí ẹ kò sí nílé. Ó ní iná kò sí. Ẹ̀yin lẹ máa ń po ọ̀dà látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo sì ti ń rò pé nítorí pé ọwọ́ yín fúyẹ́ ni.

Bó bá gbé káàdì yẹn sókè lọ́jọ́ ìpàdé, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi ba ogójì ọdún jẹ́. Èmi ni mo rán káàdì náà, n kò lè sùn. Ẹ jó o níná, ẹ gbé e fún ewúrẹ́. Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?

Ọmọ yín


Ilé,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Nọ́ọ̀sì rẹ dé, mo ti gbọ́. Eyín ti yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti rọ̀. Dákẹ́ ẹkún.

O bi mí bóyá mo mọ̀. Ọdún tí a ṣègbéyàwó ni mo ti mọ̀. Olùkọ́ àgbà kan ní kó kun géètì òun ní àwọ̀ ilẹ̀, bàbá rẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbi iṣẹ́, mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí géètì náà, ojú rẹ̀ ń tàn. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Orí ṣe é, olùkọ́ dé, ó ní, "Ha, èyí dára ju èyí tí mo ní lọ!" Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ní obìnrin ló yẹ kó máa po ọ̀dà, pé ọwọ́ ọkùnrin le jù. Mo ń fi ìṣó ha ìdérí agolo: ìlà kan fún pupa, méjì fún ewé, mẹ́ta fún ilẹ̀. Ó bi mí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí n lè mọ iye agolo tó kù ni. Kò bi mí mọ́. Bóyá ó mọ̀ nípa ojú rẹ̀, bóyá kò mọ̀, n kò bi í rí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Ní ti káàdì. Nígbà tó ku ọ̀la tí ìpàdé wọn máa wáyé, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Mo ń gbé garawa ọ̀dà funfun kọjá. Ọwọ́ mi yọ̀. Káàdì wọnú ọ̀dà, ó rì. Áà, o ò rí ariwo! Ó bú mi débi pé káfíńtà sáré wá pẹ̀tù sí i. Ó fi igi yọ káàdì jáde, ó sá a sóòrùn, ó sì gbé e lọ sípàdé bẹ́ẹ̀, funfun báláú. Ó gbé e sókè, ó ní kí akápò sọ nọ́ńbà tó rí. Akápò wò ó títí, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Akọ̀wé kò rí nǹkan kan. Gbogbo ẹgbẹ́ kò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ kọrin wọlé.

Ṣùgbọ́n ó wá ku ọ̀rọ̀ tìrẹ, torí ó ní bí káàdì ṣe jẹ́ irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú Oníbúrẹ́dì náà jẹ́ irọ́, pé àrífín ló ṣe. Má bá a jiyàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bàbá rẹ kò lè gba àlàyé lọ́wọ́ ọmọ, àmọ́ n kò tíì rí ọjọ́ tí wọ́n béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó pa ẹnu mọ́. Ṣé ó ti yé ọ?

Ìyá rẹ


Òkè òkun,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú oríire ìpàdé. Ìyá ròyìn rẹ̀ fún mi. Káàdì tí gbogbo ẹgbẹ́ wò tí wọn kò rí nǹkan kan, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí mọ́.

Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Oníbúrẹ́dì fẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kó dá ilé ìṣe búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn oníbàárà ibẹ̀ fẹ́ràn àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ mèremère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun á fi ewé ṣe òdòdó, òdòdó á di ewé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yín ti mú un lọ́kàn. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí òun, pé bí bàbá mi bá kọ̀, òun kò ní gba ẹ̀yìnkùlé fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. N kò fẹ́ kó fi mí sílẹ̀.

Ẹ ti pẹ́ nídìí àwọ̀, ẹ sì mọ èèyàn púpọ̀. Ṣé ẹ kò mọ ọkùnrin kankan tó ní irú ojú yìí, tó sì ń fi àwọ̀ jẹun láìsí ìtìjú? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, ẹ ní kó kọ̀wé sí Oníbúrẹ́dì. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ọmọ yín


Ilé,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje

Ìwọ Oníbúrẹ́dì tó rán ẹ̀wù sí mi,

Mo kí ọ. N kò mọ̀ ọ́, o kò mọ̀ mí, ẹ̀wù rẹ nìkan la jọ mọ̀. Ọmọ mi ní kí n wá ẹnì kan tó ní irú ojú rẹ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Akunlé ni. Ìtìjú kì í jẹ́ kó kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá a kọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí o má ṣe bi ẹnikẹ́ni pé, "Àwọ̀ wo nìyí?" Gbé nǹkan náà dání, fajú ro díẹ̀ bí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn, kí o wá bi oníbàárà pé, "Kí lẹ rí sí i?" Òun fúnra rẹ̀ á ní, "Ó pupa jù." Ìwọ á mi orí, wàá ní, "Ohun tí èmi náà rí nìyẹn." Ogójì ọdún ni ọ̀rẹ́ mi ti ń mi orí, wọ́n sì ń pè é ní ọlọ́gbọ́n.

Ó ní kí o fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibùjókòó tirẹ̀ lórí pẹpẹ, gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń ṣe sí iná ojú títì. Ẹni tó bá sún agolo ọ̀rẹ́ mi kúrò níbi tó wà, ó ti dá ogun sílẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìmọ́tótó ló ń dà á láàmú.

Ó ní kí o fi àwọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó rí i, kí o di èyí tí wọn kò rí mú. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ ti ń yọjú lábẹ́ tuntun, kò sí ẹni tó ń rí i nínú ẹgbẹ́ wa àfi òun. Ọmọ mi kọ̀wé nípa akọ ọ̀bọ kan tó ń rí kòkòrò ṣáájú abo. Mo kà á fún ọ̀rẹ́ mi, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí n tún un kà.

Èyí tó kù le díẹ̀ láti kọ. Ọ̀rẹ́ mi níyàwó. Obìnrin yìí máa ń fi ìṣó ha ìdérí agolo rẹ̀, ó ní kí òun lè mọ iye tó kù ni. Ẹnikẹ́ni kò ka agolo nínú ilé yẹn rí. Ní àràárọ̀, àtàǹpàkò ọ̀rẹ́ mi ló ń ka ìlà yẹn kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Lọ́dún yìí ni káàdì kan dé, ó sì fọ́nnu lé e lórí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹni kẹta ti sọ nọ́ńbà kan náà ni ó ti mọ̀ pé òun ti kó sí pàkúté, ṣùgbọ́n ẹnu ti jáde, kò ṣe é gbé mì. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ ju káàdì sínú ọ̀dà funfun. Ọ̀rẹ́ mi bú u kí gbogbo ilé lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó sórí garawa, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn gidigidi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá dúpẹ́, obìnrin náà á mọ̀ pé òun ti mọ̀, á sì dà bíi pé òun ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́n tàbí ó gọ̀.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni pé, kí ọkùnrin tó ní irú ojú wa má ṣe fẹ́ obìnrin tó kàn lẹ́wà lásán. Kó fẹ́ èyí tó lè pe baba ńlá ara rẹ̀ ní eku nítorí rẹ̀. Ó dà bíi pé o ti rí ọ̀kan.

Mo gbọ́ pé o kò gba ẹ̀yìnkùlé. Ó dára, iwájú ilé ni kí o gbà wọlé, kẹ́ ẹ jọ máa bọ̀ kí ọdún tó parí. Má ra nǹkan kan wá fún mi. Ìyá ọmọ mi ni yóò yan aṣọ tí èmi àti ìwọ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó bá sì gbé lé wa lọ́wọ́ la ó wọ̀.

Má fi ìwé yìí han ọmọ mi.

Èmi ni,
Bàbá ìyàwó rẹ